Awẹ́ Pupa Tí Wọ́n Rán Sí Àárín

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó máa ṣe é lọ. Etí ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ yín, mi ò yá ọwọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, kó jókòó ti ẹlòmíràn lónìí. Ojú mi ló ṣe, ẹnu mi ló sì bà á jẹ́, nítorí náà ẹnu mi náà ló yẹ kó rò ó.

Ahunṣọ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni mo ti mọ ìró ọ̀kọ̀ bó bá ń ta kọjá láàárín òwú. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, kó gbọ́ díẹ̀: aṣọ òfì kì í jáde tán lẹ́ẹ̀kan náà. Awẹ́ awẹ́ la ń hun ún, awẹ́ kan kì í sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ahunṣọ bá ti hun ún tán, yóò gé e, yóò gbé e fún aránṣọ. Aránṣọ ni yóò to àwọn awẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí yóò rán wọn pọ̀ tí wọn yóò fi di aṣọ. Ọwọ́ méjì ni, ọpọlọ méjì ni.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba ni. Sòbìà wà ní gbogbo oko wa. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ sì bá wọn dúpẹ́. Kòkòrò ni. Ó tín-ín-rín bí òwú, ó sì lè gùn tó apá àgbàlagbà. Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ la ti ń mu ún, kò sì sí ẹni tó ń mọ ọjọ́ tí òun mu ún. Ọdún kan ni yóò fi máa rin inú ẹran ara kiri kó tó wú lẹ́sẹ̀, kó ta bí iná, kó bẹ́, kó yọ orí jáde. A kì í fà á. Igi kékeré la ń wé e mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ lójúmọ́, nítorí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà lè rà. Ìgbà tó sì ń yọ yìí náà ni ìgbà ebè kíkọ. Ẹni tí sòbìà bá dè mọ́ ẹní lásìkò ebè, ọdún ọ̀hún ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣu tí kò gbìn, kò sí ibi tó ti máa wà á.

Káńsù rán wolé-wolé kan sí wa. Ẹ mọ̀ pé bí àwọn ènìyàn bá ti gbúròó wolé-wolé, kálukú á sáré lọ bo ìkòkò omi rẹ̀. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Kò bìkítà fún ìtanràn, ìwé ló fẹ́ràn. Ó máa ń gun alùpùpù lọ sí abúlé márùn-ún kan tó tò tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà oko tó yà kúrò ní ọ̀nà Adó-Àwáyè. Ilé dé ilé ló ń wọ̀, ó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí sòbìà yọ lára rẹ̀ àti oṣù tó yọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní abúlé kẹta, ibẹ̀ lọkọ rẹ̀ ti wá. Ìdí igi igbá ńlá kan ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó sí. Abúlé karùn-ún ló jìnnà jù, orí àpáta ló wà, kò sì sí omi mìíràn níbẹ̀ ju ọ̀gọ̀dọ̀ kan tí wọ́n ń bá màlúù du.

Káńsù wá rí pọ́ǹpù gbà lọ́wọ́ ìjọba, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, abúlé sì jẹ́ márùn-ún. Wọ́n ní ìpàdé ni yóò sọ ibi tó ń lọ.

Wolé-wolé wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà tí mo ti ń hunṣọ.

"Ahunṣọ, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ lè bá mi hun ìwé yìí?"

Mo wò ó. "Ọ̀gá, aṣọ la ń hun níbí. Ìwé wà ní ilé-ìwé."

"Mo ti ka ìwé yìí fún àwọn ìjòyè lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan sùn. Ní ìgbà kejì, gbogbo wọn ló sùn. Mo wá wò ó pé aṣọ òfì nìkan ni wọn kì í sùn níwájú rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpótí igi kan wá. Awò kan ló wà nínú rẹ̀, onírin, ó ga tó ìgbọ̀nwọ́, ó sì ní gíláàsì nísàlẹ̀ àti lókè. Ó kán omi sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní kí n di ojú kan kí n fi ìkejì wò ó.

Mo rí ẹranko kan. Ìrù rẹ̀ pín sí méjì. Ó ní ìwo méjì tó nà sí ẹ̀gbẹ́ bí apá ẹni tó ń wẹ odò. Ojú kan ṣoṣo ló ní, dúdú, láàárín orí. Ara rẹ̀ mọ́ gaara, mo ń rí inú rẹ̀. Nínú ikùn rẹ̀, mo rí òwú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bí èmi bá rí òwú, mo mọ̀ ọ́n. Ó ká jọ bí èyí tí à ń dì sínú ọ̀kọ̀, ó sì ń mira.

Mo fà sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ ti fi idán sínú nǹkan yìí."

"Idán kọ́. Omi tí ẹ̀gbọ́n yín bù fún mi lánàá nìyẹn. Ẹranko yìí ló gbé sòbìà mì. Ẹni tó bá mu ẹranko náà ti mu sòbìà."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń mu èyí?"

"Ó ti mu ún títí. Ní báyìí ó ń fi aṣọ sẹ́ ẹ kó tó mu ún. Mo bi í pé aṣọ wo, ó ní èyí tí àbúrò òun hun fún òun ni."

Ibẹ̀ la ti fi ẹnu kò. Awẹ́ márùn-ún, abúlé márùn-ún. Funfun ni ilẹ̀ aṣọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tí sòbìà mú, òwú pupa kan ni tiẹ̀. Láti òkè sísàlẹ̀ ni oṣù yóò máa tò, láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà òjò. Èmi fúnra mi ni mo ní kí á fi ẹranko olójú kan yẹn sí orí awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fi òwú àwọ̀ aró kó ara rẹ̀, mo fi dúdú ṣe ojú rẹ̀. Kò sí awẹ́ tí orúkọ wà lára rẹ̀, nítorí àwọn tó fẹ́ wò ó kò mọ̀wé. Bí wọ́n ṣe tò lójú ọ̀nà ni wọn yóò ṣe tò lára aṣọ.

Ó jókòó tì mí, ó ń ka ìwé rẹ̀, mo ń ta ọ̀kọ̀.

"Ọ̀kan. Obìnrin, ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀. Ọ̀kan. Ìyá ọkọ. Ilé tó kàn."

Awẹ́ àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹrin, pupa wọn mọ níwọ̀n. Ti ẹ̀gbọ́n mi funfun ju bí mo ṣe rò lọ, wọ́n ti ń sẹ́ omi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé abúlé orí àpáta, ọwọ́ mi ò rí ìsinmi. Òwú pupa tán lọ́wọ́ mi, mo lọ wá òmíràn. Nígbà tí a fi dé oṣù ebè, n kò rí àyè fi òwú funfun kankan sí i. Àfi bí àlàárì. Àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ mi ń yà wá wò ó, wọ́n ń fọwọ́ pa á. Ọ̀kan ní kí n bá òun hun irú rẹ̀, òun ní oníbàárà kan tó ń gbé ìyàwó. Mo ń ta ọ̀kọ̀ mi lọ. Inú mi ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo sì mọ ohun tí pupa náà jẹ́.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà ní abúlé orí àpáta yẹn. Ó ń gbin òwú, ọ̀dọ̀ wa ló sì máa ń tà á sí, ó ti mọ bàbá mi kó tó mọ̀ mí. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá gba ìtọ́jú ẹsẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó ní kí wọ́n yà sọ́dọ̀ mi. Igi kékeré ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, sòbìà wé mọ́ ọn. Ó na ẹsẹ̀ náà sórí àpótí, ó wo aṣọ tó wà lórí òfì.

"Èwo ni èmi níbẹ̀?"

Wolé-wolé wo ìwé, ó sọ fún mi, mo fi ìka ka òwú. "Ẹ̀yin nìyí, Bàbá. Ìyàwó yín ló tẹ̀ lé yín yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ó mà tín-ín-rín o! Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ háwọ́. Pẹ̀lú bó ṣe ń ta mí tó yìí, ẹ ò lè fún mi ju òwú kan lọ?"

"Òwú kan lẹ́nì kan ni, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ ìpàdé, èmi á dìde, èmi á nàka sí ara mi."

A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bó ti ń rẹ́rìn-ín.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbé wolé-wolé lọ sí ẹ̀yìn Ṣakí. Ìjọba ológun ni, bí ìwé bá dé láàárọ̀, ẹni náà á ti kẹ́rù tó bá fi máa di ọ̀sán. Ó wá kí mi. Ó ti ìwé rẹ̀ bọ inú àpò. Ó ní, "Ahunṣọ, bí wọ́n ṣe tò lójú ọ̀nà. Ẹ sọ fún aránṣọ kó má ṣì í." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé awẹ́ márààrún lọ fún Bàbá Télọ̀. Àgbà aránṣọ ni, kò sí ẹni tí ń rán òfì bíi tiẹ̀ ní àdúgbò wa. Mo ti to awẹ́ náà bó ṣe yẹ, mo sì fi okùn dì í. Ìrun ti ń kán mi lójú. Mo ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an kó dáa. Iwájú àwọn ìjòyè ló ń lọ."

Ó ní, "Ìgbà wo ni mo rán tèmi tí kò dáa? Máa lọ kírun, kí o má baà pàdánù nítorí tèmi."

Mo lọ kírun. Ohun tí wolé-wolé ní kí n sọ, n kò sọ ọ́.

Ọjọ́ ìpàdé gan-an ni mo tún tó fojú kan aṣọ náà. Wọ́n ti lọ gbé e lọ́wọ́ aránṣọ, wọ́n sì ti kọ́ ọ sára ògiri nínú gbọ̀ngàn káńsù. Àwọn ìjòyè jókòó níwájú, alága tí àwọn ológun yàn sì wà lórí àga. Àwọn ará abúlé pọ̀ débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín àwọn obìnrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni sòbìà ti yọ lára rẹ̀ kó tó mọ omi í sẹ́, ìkẹta yìí sì ti fa iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, orí ìka ló fi ń tẹlẹ̀.

Mo wo aṣọ náà, mo tún ka awẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òfì mọ̀ pé bí awẹ́ kan bá dán ju àwọn yòókù lọ, àárín ni aránṣọ rere ń fi í sí, kí ó lè wà láyà ẹni tó wọ̀ ọ́. Bàbá Télọ̀ tú ẹrù mi, ó rí awẹ́ funfun mẹ́rin, ó rí pupa kan. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó gbé pupa sí àárín, ó sì gbé èyí tó wà ní àárín lọ sí ìpẹ̀kun. Ó rán an débi pé ojú rírán ò hàn. N kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wolé-wolé tuntun dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, aṣọ tí wọ́n lọ̀ le gbagidi ló wọ̀, kò tíì dé abúlé kankan nínú márààrún. Ó ka ohun tí ẹni àná kọ sílẹ̀ fún un. "Awẹ́ kan, abúlé kan, bí wọ́n ṣe tò lójú ọ̀nà. Pupa ni àwọn aláìsàn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ wò ó fúnra yín."

Wọ́n kà á, wọ́n ń nàka. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹnu wọn ṣí. Kò sí ẹni tó sùn.

Alága ní, "Èyí ò ní àríyànjiyàn nínú. Abúlé kẹta ni."

Àwọn obìnrin hó yèè. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò ṣeé kúnlẹ̀ dáadáa yẹn, ó ń sunkún, ó ń ṣe àlùhámúdù. Ó wo apá ibi tí mo wà. Ó rò pé èmi ni mo ṣe é fún òun.

Ibẹ̀ ni bàbá àgbẹ̀ ti dìde láti ẹ̀yìn, ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ sókè.

"Ẹ fara balẹ̀. Awẹ́ pupa yẹn, tiwa ni. Èmi wà níbẹ̀."

Alága ní, "Níbo lẹ wà, Bàbá?"

"Nínú aṣọ. Wọ́n fi mí hàn mí. Èmi nìyẹn, ìyàwó mi ló tẹ̀ lé mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ojú fèrèsé pé, "Bàbá, bí ẹ bá wà nínú aṣọ, ta ló wá dúró síbí yìí?" Òmíràn ní, "Ẹ bá wa sọ fún ìyàwó yín kó bọ́ sílẹ̀ wá, ó ti pẹ́ níbẹ̀!" Kódà àwọn ìjòyè ń nu ojú.

Kò bínú. Ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Ahunṣọ. Ìwọ lo hun ún. Sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Kò ju pé kí n ní aránṣọ ṣì í, ẹ gbé èyí síhìn-ín, ẹ gbé tọ̀hún sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀gbọ́n mi lórí ìkúnlẹ̀. Ọmú rẹ̀ ni mo mu nígbà tí ìyá wa kú. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, òwú pupa jọ ara wọn. Ẹ lè ti ṣì í."

Ó jókòó. Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a jáde, Bàbá Télọ̀ dì mí lápá mú. "Gbogbo wọn ló ń wo iṣẹ́ mi! Ṣé ó pé?"

Mo ní, "Ó pé, Bàbá."

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí igi igbá, wọ́n ri pọ́ǹpù mọ́lẹ̀, omi tó mọ́ bí òjò jáde. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mu nínú rẹ̀. Ṣakí kò jìnnà púpọ̀. Mo lè gun ọkọ̀ lọ bá wolé-wolé àkọ́kọ́ kí ó gbé ìwé rẹ̀ wá. Mo máa ń sọ fún ara mi pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọ̀gọ̀dọ̀ orí àpáta fà, ó di ẹrẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń bù ú mu.

Ẹ ò gbàgbé pé ọdún kan ni sòbìà ń gbà. Nígbà tí ọdún yípo, tí ebè dé, àwọn tó ti ibẹ̀ wá sí ọjà ní kò sí ilé kan tí ẹnì kan lè dìde láti fi omi fún ẹnì kejì. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣán sílẹ̀ wà bẹ́ẹ̀, koríko padà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé sòbìà tún yọ lẹ́sẹ̀ bàbá àgbẹ̀, pé egbò rẹ̀ ti gba nǹkan mìíràn sínú, pé ọrùn rẹ̀ ti gan.

Mo lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin èyí tó pọ̀ nínú ọ̀nà náà. Lórí ẹní ni mo bá a, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, eyín rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ra, omi kò sì lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà wà nínú àkísà.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní aránṣọ ló gbé awẹ́ yí ipò, mo rí i lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, mo sì dójú tì í nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń wò mí. Bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá ó fẹ́ bú mi, bóyá ó fẹ́ dárí jì mí, n kò mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti tì.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé ẹ ti sọ ọ́ tán?"

Mo ní mo ti sọ ọ́ tán.

"Ẹ bá mi gbé e dìde kí n pààrọ̀ ẹní."

Mo gbé e. Ara rẹ̀ le bí igi, ó sì fúyẹ́. Ó kú lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó ga.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Àbúrò bàbá náà ló jogún oko òwú rẹ̀, kò sì ro ó ju ọdún kan lọ tó fi kó lọ sí ìlú. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, títí kò fi sí ẹni tó kù lórí àpáta yẹn àyàfi àwọn darandaran tó jogún ọ̀gọ̀dọ̀ náà. Àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló jogún pọ́ǹpù. Wọ́n ti pààrọ̀ apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kú kò mọ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi títí ọjọ́ tó gbẹ́mìí mì. Ẹ̀rọ Bàbá Télọ̀ di ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, òun náà sì ń gbé awẹ́ tó dán jù sí àárín.

Aṣọ ọ̀hún, nígbà tí wọ́n ń tún òrùlé gbọ̀ngàn ṣe, akọ̀wé ní kí n wá gbé e. Mo tú rírán rẹ̀. Mo ká awẹ́ pupa náà, mo fi rán ènìyàn sí ìyàwó bàbá àgbẹ̀ ní ìlú Ìrawọ̀, níbi tó padà sí lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó tú u wò. Ó bi ẹni tí mo rán bóyá ó ti jẹun, ó sì gbé oúnjẹ fún un. Lẹ́yìn náà ó ká awẹ́ náà padà bó ṣe bá a, ó ní kó gbé e padà fún mi, pé èmi ni mo ni ín.